Tadmekka: Ọjà Àwọn Mùsùlùmí Tí Yanrìn Bò Mọ́lẹ̀



   Ìtàn ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tòní. Ìlú kan ló dá lé lórí, ìlú tí yanrìn bò mọ́lẹ̀ fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún, tí àwọn awalẹ̀pìtàn tún lọ hú jáde, tí afinimọ̀nà fi lè mú àlejò rìn nínú rẹ̀ pé, "Ibi tí wọ́n ti ń da wúrà nìyí, ibi tí wọ́n ti ń kírun nìyẹn."

Ìbéèrè kan ló fa ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn ọ̀dọ́ wa ní Ìdí-Àràbà níbí máa ń bi àwọn ààfáà pé ṣé lóòótọ́ ni pé ogun Fúlàní ló gbé ẹ̀sìn Ìsìláàmù wọ ilẹ̀ Yorùbá. Òmíràn gbọ́ ọ níléèwé, òmíràn gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀rẹ́ tó fẹ́ fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ọdún 1804 ni jìháádì Ṣéù Usman dan Fodio bẹ̀rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ náà bá jẹ́ òótọ́, a jẹ́ pé ẹ̀sìn wa nílẹ̀ yìí ò ju igba ọdún ó lé díẹ̀ lọ, a sì jẹ́ pé idà ló gbé e wá. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ orúkọ tí àwọn baba wa sọ ọ́ ná: ẹ̀sìn ìmàle. Àwọn tó ń túmọ̀ rẹ̀ sí "ìmọ̀ líle", eré ni wọ́n ń ṣe. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ló gbà pé ara orúkọ Mali ni ọ̀rọ̀ yẹn ti jáde. Wọn ò pè é ní ẹ̀sìn Fúlàní, wọn ò pè é ní ẹ̀sìn Lárúbáwá. Ọ̀dọ̀ àwọn ará Mali ni wọ́n rò pé ó ti wá.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká lọ sí Mali.

Ní àríwá ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè náà, níbi tí ilẹ̀ rẹ̀ ti fẹ́ẹ̀ kan Algeria, ilẹ̀ òkè olókùúta kan wà tó tẹ́ lọ salalu, tí wọ́n ń pè ní Adrar des Ifoghas. Adrar, òkè ni ìtumọ̀ rẹ̀ lédè àwọn Tuareg. Àwọn Faransé ló so ìyókù mọ́ ọn. Aṣálẹ̀ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe yanrìn ṣáá bí a ti ń rí i nínú fíìmù. Àpáta dúdú ni, òkúta wẹ́wẹ́ ni, pẹ̀lú àfonífojì tí àgbàrá máa ń gbà kọjá ní ìwọ̀nba ọjọ́ tí òjò bá rọ̀ lọ́dún, tí gbogbo rẹ̀ yóò sì tún gbẹ. Níbẹ̀, ní nǹkan bí kìlómítà 45 sí ìlú Kidal, ni àwókù kan wà tí wọ́n ń pè ní Essouk. Ẹ̀yin ọmọ ilé-kéú, ẹ ti mọ ọ̀rọ̀ yẹn: as-sūq, ọjà. Àwókù ọjà ni lóòótọ́. Orúkọ tí ìlú náà ń jẹ́ nígbà tó wà láàyè ni Tadmekka.

Ta ló kọ́kọ́ mú wa mọ̀ ọ́n? Lárúbáwá kan tó ń gbé Andalus, ní ilẹ̀ Spain òde òní, tó ń jẹ́ al-Bakri. Ní ọdún 1068, tí í ṣe ọdún Híjírà 460, ó kọ ìwé ńlá kan nípa ọ̀nà àti ìlú gbogbo. Ohun tó yani lẹ́nu ni pé al-Bakri kò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tẹ ilẹ̀ adúláwọ̀ rí. Inú ìwé àwọn tó ṣáájú rẹ̀, àti ẹnu àwọn oníṣòwò tó ti Sàhárà dé, ló ti kó ọ̀rọ̀ jọ. Ó ní nínú gbogbo ìlú ayé, Tadmekka ló jọ Mẹ́kà jù, nítorí pé àárín òkè ló wà bíi ti Mẹ́kà, àti pé ìjọra yẹn ló bí orúkọ rẹ̀. Ó ní Mùsùlùmí ni àwọn ará ìlú náà, Bẹ́rìbérì ni wọ́n, wọ́n sì ń fi aṣọ bo ojú bí àwọn ará aṣálẹ̀ ṣe ń ṣe. Ẹran àti wàrà ni oúnjẹ wọn, pẹ̀lú hóró kan tí ilẹ̀ ń hù jáde láìjẹ́ pé ẹnì kan gbìn ín. Ọkà bàbà ní tiẹ̀, láti ilẹ̀ àwọn adúláwọ̀ ni wọ́n ti ń gbé e wá fún wọn. Ọba wọn a wé láwàní pupa, a wọ ẹ̀wù yẹ́lò, a sì wọ ṣòkòtò aláwọ̀ búlúù. Ẹ̀yin tí ẹ mọ bí àwọn àgbà wa ṣe ń múra ọdún Iléyá, ó dájú pé aṣọ ọba yìí kò ní jẹ́ kó jẹ̀bi níwájú wọn!

Ó tún sọ ohun kan tó jẹ́ pé òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ wa lónìí rọ̀ mọ́. Ó ní owó dínárì ìlú Tadmekka, "apárí" ni wọ́n ń pè é, nítorí ojúlówó wúrà ni, tí wọn ò sì tẹ nǹkan kan sí i lára. Owó tó kù láyé ìgbà náà, orúkọ ọba àti ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn máa ń wà lára rẹ̀. Ti Tadmekka mọ́ rọ́rọ́ bí orí apárí.

Ó pẹ́ tí àwọn ọ̀mọ̀wé ti ń ka gbólóhùn yẹn, tí kò sì sẹ́ni tó rí ẹyọ kan ṣoṣo nínú owó náà. Àwọn kan gbà á gbọ́, àwọn kan ní àbí ìtàn àwọn oníṣòwò ni. Ẹ ò ní bá wọn wí, ẹni tí kò dé ibẹ̀ ló kọ ọ́. Ìgbà tó di ọdún 2005 ni ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Ọ̀mọ̀wé Sam Nixon, pẹ̀lú àwọn onímọ̀ ọmọ Mali àti àwọn òṣìṣẹ́ láti agbègbè náà, gbé ọkọ́ àti búrọ́ọ̀ṣì wọ Essouk. Wọn ò gbẹ́ gbogbo ìlú, ojúkò díẹ̀ ni wọ́n yàn. Ohun tó jáde nínú ilẹ̀ ni amọ̀ sísun tí wọ́n dá ihò róbótó-róbótó sí lára, irú èyí tí alágbẹ̀dẹ fi ń da irin yíyọ́. Nígbà tí wọ́n yẹ àwọn ihò náà wò dáadáa, kíní kan ń dán níbẹ̀: èékán wúrà tín-tìn-tín tó lẹ̀ mọ́ amọ̀. Ibi tí wọ́n ti ń da dínárì apárí nìyẹn. Láti 1068 títí di 2005, ọdún 937 ni ọ̀rọ̀ al-Bakri fi dúró de ẹlẹ́rìí.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí bí wọ́n ṣe ń fọ wúrà náà mọ́, nítorí ọgbọ́n ńlá wà níbẹ̀. Wúrà ilẹ̀ wa ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, etí odò àti inú kòtò ni wọ́n ti ń wà á, bí ìyẹ̀fun ló sì máa ń rí, yanrìn àti ìdọ̀tí a dà pọ̀ mọ́ ọn. Àwọn alágbẹ̀dẹ Tadmekka a fọ́ gíláàsì túútú, wọ́n á da á pọ̀ mọ́ ìyẹ̀fun wúrà nínú ìkòkò amọ̀ kékeré, wọ́n á wá ko iná mọ́ ọn. Gíláàsì á yọ́, wúrà á yọ́. Ṣùgbọ́n wúrà kì í bá gíláàsì ṣe ọ̀rẹ́. Ìdọ̀tí ló máa lọ bá gíláàsì, wúrà á sì rọra rì sí ìdí ìkòkò ní òun nìkan. Bó bá tutù, wọ́n á fọ́ gíláàsì dànù, wọ́n á mú wúrà mímọ́. Ọ̀mọ̀wé Nixon àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Thilo Rehren ló kọ èyí jáde ní ọdún 2014, lẹ́yìn tí wọ́n ti yẹ àfọ́kù ìkòkò tí gíláàsì àti wúrà lẹ̀ mọ́ wò. Nígbà tí Yunifásítì Northwestern ní Amẹ́ríkà ń múra ìpàtẹ ńlá kan sílẹ̀ lórí òwò Sàhárà, èyí tí wọ́n ṣí ní 2019, àwọn onímọ̀ ibẹ̀ dán ọ̀nà yìí wò, ó sì ṣiṣẹ́. Àwọn tó ń sọ pé ìgbà tí òyìnbó dé ni ọgbọ́n dé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìkòkò yìí hàn wọ́n.

Nísinsìnyí, ká ní afinimọ̀nà kan ń mú wa rìn nínú àwókù náà. Tuareg ni yóò jẹ́, nítorí ilé baba wọn ni; ìdílé àwọn ààfáà kan wà láàrin wọn títí dòní tó ń jẹ́ Kel Essouk, ìyẹn àwọn ará Essouk. Àfonífojì ló máa kọ́kọ́ fi hàn wá, bí ìlú ṣe tò sí ẹ̀bá ọ̀nà àgbàrá náà ní ọ̀tún àti ní òsì. Ògiri òkúta ni gbogbo ilé, wọ́n ti wó délẹ̀, ṣùgbọ́n o ṣì lè tọ àdúgbò kan bọ́ sí òmíràn. Yóò fi àwókù mọ́sálásí hàn wá, àti yídì níbi tí wọ́n ti ń kírun ọdún. Yóò wá mú wa dé ẹnu kòtò ìwalẹ̀. Níbẹ̀ ni yóò ti sọ fún wa pé ká má wo ilẹ̀ bí ilẹ̀, ká wò ó bí ìwé. Ojú ewé tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n kọ́kọ́ kọ. Eérú, egungun ẹran, àfọ́kù ìkòkò, ògiri tó wó, òmíràn tún wà lórí rẹ̀. Láti nǹkan bí ọdún 750 títí dé nǹkan bí 1400 ni àwọn èèyàn fi gbé ibẹ̀. Nínú àwọn ìpele ilẹ̀ wọ̀nyẹn ni wọ́n ti rí ẹ̀rún aṣọ sílíìkì àti àfọ́kù kékeré kan lára àwo tánganran ilẹ̀ Ṣáínà. Láti Ṣáínà dé àárín Sàhárà! Ẹ fojú inú wo iye ọwọ́ tí àwo yẹn ti gbà kọjá.

Ohun tí afinimọ̀nà gidi kò ní gbà fún yín ni kí ẹ mú nǹkan sínú àpò. Àfọ́kù ìkòkò kan, ẹyọ ìlẹ̀kẹ̀ kan, ẹ máa rò pé kí ni yóò ṣe. Bó bá ti kúrò ní ojúkò rẹ̀, ó ti ya odi. Ẹnikẹ́ni kò tún lè mọ̀ bóyá ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ ló wà ni tàbí ọ̀dọ̀ ìyálé kan. Àwọn olè ti ṣe bẹ́ẹ̀ ba ọ̀pọ̀ ibi jẹ́ ní Mali, wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ lóru, wọ́n tà á fún òyìnbó tó ń kó ère jọ. Ní tèmi, kò yàtọ̀ sí ẹni tó fa ewé ya nínú ìwé ìdílé ẹlòmíràn.

Lẹ́yìn kòtò, òkè. Lára àpáta tó yí ìlú náà ká, àti ní àwọn itẹ́ òkú rẹ̀, kíkọ wà lọ́pọ̀lọpọ̀, Lárúbáwá àti ìkọ̀wé àwọn Tuareg fúnra wọn tí wọ́n ń pè ní Tifinagh. Ará Faransé kan, de Gironcourt, ti dé ibẹ̀ kí Ogun Àgbáyé Kìíní tó bẹ̀rẹ̀, ó fi bébà tútù tẹ àwọn kíkọ náà kó lè gbé àwòrán wọn lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó jókòó tì wọ́n kà wọ́n fínnífínní ni Ọ̀mọ̀wé Paulo de Moraes Farias, ọmọ ilẹ̀ Bràsíìlì tó ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Birmingham. Ìwé ńlá tó ṣe lórí wọn jáde ní ọdún 2003. Ọ̀kan nínú àwọn kíkọ Essouk ní déètì lára: ọdún Híjírà 404, èyí tó bọ́ sí 1013 sí 1014. Nínú gbogbo kíkọ tó ní déètì ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, kò tíì sí èyí tó ṣáájú rẹ̀. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò, ẹ̀yin ọ̀dọ́: ó lé ní 790 ọdún kí jìháádì Ṣéù tó bẹ̀rẹ̀. Òmíràn lára àpáta dárúkọ ọjà, ó sì dárúkọ Mẹ́kà. Ẹ rí i pé kì í ṣe al-Bakri ló fi Mẹ́kà wé ìlú náà láti òkèèrè. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ fúnra wọn ní in lọ́kàn.

Àwọn kan lára yín á máa rò ó pé ṣé kò burú láti máa tú sàréè Mùsùlùmí. Ìbéèrè tó dáa ni. Kíkọ ara òkúta ni Farias kà, orí ilẹ̀ ni wọ́n wà ní gbangba, kò sí ẹni tó hú òkú kó tó lè kà á.

Irú òkúta bẹ́ẹ̀ wà ní Gao pẹ̀lú, ní etí odò Ọya, ìyẹn odò Niger wa yìí náà. Al-Bakri ní ìrìn ọjọ́ 9 ni láti Tadmekka dé Gao. Láti Tadmekka lọ sókè dé Wargla ní Algeria, ó ní 50 ọjọ́ ni. Ní Gao-Saney, ní ọdún 1939, wọ́n rí òkúta sàréè àwọn ọba. Mábù ni àwọn tó rẹwà jù níbẹ̀, Almería ní Andalus ni wọ́n ti gbẹ́ ẹ tí wọ́n sì ti kọ ọ́, ràkúnmí ló gbé e la aṣálẹ̀ kọjá. Ọba kan kú ní 1100, Abu Abdullahi Muhammad ni orúkọ tí wọ́n kọ sí i. Èyí tó tẹ̀ lé e kú ní 1110, Abu Bakr ọmọ Abu Quhafa. Èyí tó tẹ̀ lé ìyẹn kú ní 1120, Umar ọmọ al-Khattab. Ẹ ò rí nǹkan! Orúkọ Ànábì wa, kí ìkẹ́ Ọlọ́hun máa bá a, àti ti kálífà rẹ̀ kìíní àti ìkejì, ní títò-tẹ̀lé. Ọba adúláwọ̀ ni wọ́n, wọ́n sì ní orúkọ ilé tiwọn. Òkúta ọba kẹta tilẹ̀ kọ orúkọ àbísọ rẹ̀ mọ́ ọn. Bí àwa náà ṣe ń jẹ́ Adéwálé nílé tí a tún ń jẹ́ Ràṣídì ní mọ́sálásí, àwọn wọ̀nyẹn ti ń ṣe é ní 900 ọdún sẹ́yìn. Àwọn obìnrin náà kò gbẹ́yìn. Òkúta wà fún àwọn tí wọ́n pè ní malika, ìyẹn ọbabìnrin, a kọ orúkọ wọn àti ọjọ́ ikú wọn bíi ti ọkùnrin.

Ibo wá ni Yorùbá wà nínú gbogbo èyí? Ẹ fara balẹ̀, ibẹ̀ la ń lọ. Ní Ilé-Ifẹ̀, ibì kan wà ní apá àríwá ìlú tí wọ́n ń pè ní Igbó Olókun. Ọmọ Yorùbá kan, Ọ̀mọ̀wé Abídèmí Babátúndé Babalọlá, walẹ̀ níbẹ̀ láàrin 2010 sí 2012. Ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì tó lé ní 12,000 ló jáde, pẹ̀lú àfọ́kù 812 lára ìkòkò tí wọ́n fi ń yọ́ gíláàsì. Nígbà tí wọ́n yẹ èròjà gíláàsì náà wò, ó ní ohun kan tí kò sí nínú ti Lárúbáwá tàbí ti òyìnbó: ẹfun àti èròjà amọ̀ pọ̀ nínú rẹ̀ kọjá bó ṣe yẹ. Àwọn ará Ifẹ̀ ló ṣe é fúnra wọn láti inú ilẹ̀ Ifẹ̀, ní nǹkan bí ọdún 1000 sí 1500. Ìlẹ̀kẹ̀ aláwọ̀ aró tí à ń pè ní sẹ̀gi, iṣẹ́ irú ọwọ́ yẹn ni. Irú gíláàsì yìí kan náà ni wọ́n rí lára àwọn ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n hú ní Gao.

Mi ò sọ pé àwọn ará Ifẹ̀ ń kírun ní ọdún 1100 o. Kí ẹnì kankan má lọ sọ pé rédíò ló wí bẹ́ẹ̀. Ohun tí ìlẹ̀kẹ̀ sọ ni pé ọ̀nà wà. Láti ilẹ̀ Yorùbá dé etí odò Ọya, láti ibẹ̀ dé Gao, láti Gao ìrìn ọjọ́ 9 sí Tadmekka. Ọ̀nà tí ìlẹ̀kẹ̀ gbà lọ, iyọ̀ àti bàbà lè gbà á bọ̀, ọ̀rọ̀ náà sì lè gbà á bọ̀. Oníṣòwò tó ń fi ìlẹ̀kẹ̀ Ifẹ̀ ná ọjà Gao, ojú rẹ̀ ló ṣe ń rí ẹni tó ń ṣe àlùwàlá. Ẹni tó bá ní kí idà ogun ọdún 1804 tó dé Yorùbá kò mọ nǹkan kan nípa Ìsìláàmù, ó ní láti kọ́kọ́ dí ọ̀nà yẹn.

Ẹ jẹ́ ká tún sọ ti owó, nítorí oṣù sàká la wà. Ìtàn àwọn Mùsùlùmí Ìbádì, àwọn tó ti Tunisia àti Algeria òde òní máa ń wá ṣòwò ní Tadmekka, sọ nípa ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Tamli. Òtòṣì ni nígbà tó gbéra nílé. Ó dé Tadmekka, ó là. Lọ́dọọdún, ó ń fi àpò owó 16 ránṣẹ́ sílé, 500 dínárì nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń kọ ọ́ sí ara àpò pé ti Ọlọ́hun ni owó náà, kí wọ́n pín in fún aláìní. 8,000 dínárì nìyẹn. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ ka ìtàn yìí, àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun ni mo rò, àwọn tó ń fi owó ìṣínu ránṣẹ́ sí mọ́sálásí ilé. Kò yàtọ̀.

Ṣùgbọ́n ìtàn tó dùn nìkan kọ́ ni ìtàn. Ẹrú wà lára ohun tí wọ́n ń kó la aṣálẹ̀ yẹn kọjá, èèyàn dúdú bíi tiwa, ọ̀pọ̀ wọn obìnrin. Wọ́n ní Abu Yazid, ọkùnrin tó dìde ogun sí ìjọba Fatimid ní Tunisia tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á lọ́wọ́ wọn kó tó kú ní 947, ilẹ̀ Sudan níhìn-ín ni wọ́n ti bí i. Bàbá rẹ̀ oníṣòwò, ìyá rẹ̀ ẹrú. A kò ní fi ọwọ́ bo ìyẹn nítorí pé Mùsùlùmí ló ṣe é.

Ohun kan tún wà tó kan àdúgbò wa yìí gan-an. Tadmekka jẹ́ ìlú tí àlejò àti onílé ti jọ ń gbé. Bẹ́rìbérì ló nílùú, àwọn oníṣòwò ti òkè wá, ọkà àwọn adúláwọ̀ ló ń bọ́ wọn. Ẹ wo Ìdí-Àràbà: igi àràbà ló fún wa lórúkọ, LUTH ló sọ wá di ìlú-mọ̀ọ́ká, Hausa àti Yorùbá ló sì jọ ń gbé e láti ọjọ́ pípẹ́. Ní oṣù kejì ọdún 2002, a mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹ̀mí ṣòfò, ilé jóná, Mùsùlùmí sì wà ní ìhà méjèèjì. Ẹni tó ta obì fún ọ láàárọ̀ di ọ̀tá ní ìrọ̀lẹ́. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn ìgbà yẹn ti ń di géńdé báyìí; ó yẹ kí wọ́n mọ̀ pé ìgbà tí ẹ̀sìn yìí fi ń bọ̀ níhà ọ̀dọ̀ wa, àlejò oníṣòwò ló gbé e, onílé kan ló sì fún un ní ibi tí yóò tẹ́ ẹní ìrun sí.

Àwọn alhájì wa a máa bi wá léèrè pé ṣé ó tọ́ kí Mùsùlùmí lọ máa wo àwókù. Wọ́n ń rántí al-Hijr, ìlú àwọn Thamud tí Ànábì Sálíhù kìlọ̀ fún, tí súrà kan nínú Al-Kùránì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ní ọdún Híjírà 9, nígbà tí Ànábì ń lọ sí Tabuk, ó sọ fún àwọn sàábé rẹ̀ pé kí wọ́n má wọ ibẹ̀ àfi pẹ̀lú ẹkún. Lónìí, UNESCO ti kọ ọ́ mọ́ ogún àgbáyé láti 2008, òun ni àkọ́kọ́ ní Saudi, afinimọ̀nà sì ń mú àlejò wọ ibẹ̀. Àwọn ààfáà kan ní kí Mùsùlùmí má lọ rárá, àwọn mìíràn ní ẹni tó bá lọ fún àríkọ́gbọ́n kò ṣẹ̀. Èmi kì í ṣe ẹni tó máa dájọ́ láàrin wọn. Ṣùgbọ́n Tadmekka kì í ṣe ìlú ìyà. Ìlú àwọn tó ń kírun ni.

Ó ṣeni láàánú pé kò rọrùn láti lọ. Ní 2012, ogun bẹ́ sílẹ̀ ní àríwá Mali. Ọdún yẹn kan náà ni àwọn kan gbé ọkọ́ ti ibojì àwọn ẹni mímọ́ ní Timbuktu, wọ́n wó wọn. Ilé ẹjọ́ àgbáyé ní Hague dá ọ̀kan nínú wọn lẹ́bi ní 2016, ó ní kó lọ ṣẹ̀wọ̀n ọdún 9. Àwọn bíríkìlà Timbuktu ti tún ibojì náà kọ́ kí ìdájọ́ yẹn tó wáyé. Agbègbè Kidal ní tiẹ̀ di ojú ogun, ọ̀nà ìbẹ̀wò sì dí. Ohun tí a mọ̀ nípa Essouk, ohun tí wọ́n ti hú, tí wọ́n ti kà, tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ kí ọ̀nà tó dí ni.

Ifẹ̀ kò jìnnà ní tiẹ̀. Ẹni tó bá wọ mọ́tò láàárọ̀ kùtù, á ti dé ibẹ̀ kí ọ̀sán tó pọ́n. Ẹ kó àwọn ọmọ yín lọ lẹ́yìn ọdún ìtúnu. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààfin. Ìta Yemòó wà, níbi tí Frank Willett ti walẹ̀ ní 1957, tí wọ́n tún padà walẹ̀ ní àìpẹ́ yìí. Àpáàdì tí àwọn ará Ifẹ̀ fi tẹ́ ilẹ̀ bíi táìsì ṣì wà níbẹ̀. Ẹ ní kí afinimọ̀nà fi ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì hàn yín, kí ẹ bi í pé ibo ni wọ́n ń tà á sí. Bí kò bá dárúkọ Gao, ẹ̀yin ẹ dárúkọ rẹ̀ fún un.

Ó ku nǹkan kan kí n tó dákẹ́. Farias tó ka òkúta Essouk yìí, ó tún jókòó ti àwọn arọ́kin Ọ̀yọ́, ó fọ̀rọ̀ wá wọn lẹ́nu wò lórí ibi tí Yorùbá ti ṣẹ̀. Ó fi ọ̀rọ̀ wọn wé ìwé èdè Lárúbáwá kan lórí orírun Yorùbá, ó sì tẹ ohun tó rí jáde ní ọdún 1990. Ẹni tó kọ ìwé Lárúbáwá náà ni Sheikh Adam Abdullah al-Ilori, ti Markaz, Agége. Ọ̀pọ̀ nínú yín tó ń gbọ́ mi, ọwọ́ ọmọ kéú rẹ̀ lẹ ti kọ́ alífù.

Ìṣínu ti ń kàn, dàbínù ti wà lọ́wọ́ àwọn ọmọdé. Lọ́la, ní àkókò yìí kan náà, Sankore ní Timbuktu la máa dé.